Nọ́ọ̀tì Tí Mo Fún Jù

Ilé Bàbá Kíkẹ́,
Ẹ̀yìn Ẹbu Epo,
Ìtàjí-Èkìtì.
Ọjọ́ Ajé, òjò ń rọ̀ wínníwínní.

Kíkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí ọ̀gá rẹ tí ó ń jẹ́ kí o rí àyè jẹun ọ̀sán, mo sì kí gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní ọ́fíìsì yín, kí wọ́n má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣé ara le? Ṣé orí kò fọ́ ọ mọ́? Ọlọ́run tí ó mú ọ jáde nílé tí ó sì ń mú ọ padà wọlé ní Èkó kò ní í sùn, kò sì ní í tòògbé lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Àwa náà wà láàyè níbí. Ìyá rẹ wà, àgbàdo ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ mẹ́ta wà, ìkẹrin bí ìbejì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan jọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lójú, ṣùgbọ́n a kò sọ ọ́ síta.

Wàá béèrè pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́ nígbà tí o ti ra fóònù ńlá fún mi. Fóònù náà wà. Inú gààrí ló wà. Ó mu omi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ọ yìí, Ìyá Títílọpẹ́ tí ilé rẹ̀ kan tiwa sì ní ìrẹsì gbígbẹ ni àwọn ènìyàn fi ń fa omi kúrò lára fóònù. Ìrẹsì ti wọ́n. Gààrí la ní nílé, mo sì rò ó pé bó bá jẹ́ ohun tó mọ omi mu là ń wá, ta ló tó gààrí? Lóòótọ́ ó mu ún. Ó sì wú. Ó ti di ihò tí à ń ki wáyà iná bọ̀ pa, ìyá rẹ ń fi ẹyọ ọwọ̀ kan wa á jáde díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Má fòyà, kò tíì dé ibi tí àwòrán rẹ wà.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Lọ́dún tó kọjá tí mo yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga, tí ìbàdí mi dún bí igi gbígbẹ, ìwọ lo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa omi mọ́ nínú ilé yìí. O ra táńkì dúdú, o ra ẹ̀rọ tí ń fa omi sókè, o sì ní kí Bámidélé, púlọ́ńbà ará Ìlúpéjú, wá so páìpù wọ kíṣìnì ìyá rẹ. Ọjọ́ méjì ni ọkùnrin náà fi ṣe é. Lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ìyá rẹ pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ibi tí páìpù ti pàdé páìpù lábẹ́ síǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Tó, tó, tó. Tí mo bá ń gbàdúrà, òun ló ń ṣe àmín. Mo sọ fún ọ lórí fóònù pé Bámidélé kò mọ iṣẹ́, pé ó fún nọ́ọ̀tì bí ẹni tí kò jẹun àárọ̀. Kì í ṣe ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Mo sọ ọ́ ní ẹbu, mo sọ ọ́ níbi ìpàdé àwọn bàbá ìjọ, mo sọ ọ́ fún ọlọ́kadà tí kò tilẹ̀ béèrè. Àlùfáà wa, tí wọ́n ti fẹ́ gbé iṣẹ́ omi ilé àlùfáà lé Bámidélé lọ́wọ́, gbọ́, wọ́n ní àwọn yóò dá a dúró ná. Fi èyí sọ́kàn, ọmọ mi, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀, ọwọ́ mi kò tíì yá láti kọ ọ́ ni.

Kíkán náà ì bá má jẹ́ nǹkan, ṣùgbọ́n o mọ ulé wa. Amọ̀ ni bàbá mi fi mọ ọ́, sìmẹ́ńtì tó wà lára rẹ̀ kò ju ẹ̀wù lọ. Omi ń mu ìdí ògiri lẹ́yìn síǹkì. Ìyá rẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka náà wọlé bí ìgbà tí a bá tẹ ẹ̀kọ tútù. Ó ní ògiri yìí, yàrá òun ló dojú kọ, tí ó bá sì wó, orí bẹ́ẹ̀dì òun ló máa wó sí, nítorí náà òun yóò padà sí kànga, kànga kò wó lu ẹnikẹ́ni rí. Mo rán an létí pé èmi ṣubú níbẹ̀. Ó ní èmi ni mo ṣubú, kànga kò ṣubú.

Ni mo bá pè ọ́. O ní ọwọ́ rẹ dí, pé wàá fi ohùn ránṣẹ́, pé iṣẹ́ náà kò le, ìwọ náà lo fọwọ́ ara rẹ ṣe ti ilé rẹ l'Ékòó. Mo sọ fún ìyá rẹ pé tí ọmọ tí a bí bá lè ṣe é, àwa tí a bí i ńkọ́? Ohùn rẹ dé lóòótọ́. O kí mi, mo dá ọ lóhùn. Mo béèrè àlàáfíà ọkọ rẹ, o kò dúró gbọ́, o ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo ní kí o rọra, o kò rọra. Nígbà tí mo fi máa kí ọ tán, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: kí n kọ́kọ́ ti géètì, kí n rí i dájú pé ólíìfù wà nínú nọ́ọ̀tì, kí n wá fún un. O tún sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ẹ̀kan péré, mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni o fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Ìyá Títílọpẹ́ ní a lè tẹ̀ ẹ́ kí o tún gbogbo rẹ̀ sọ, mo ní rárá o, ọwọ́ ọmọ mi dí, a kò gbọdọ̀ máa dà á láàmú pé kí ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀yẹ́ láti ra sípánà àti nọ́ọ̀tì tuntun, bóyá ó ti rẹ èyí tó wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń tajà, Peace ni wọ́n ń pè é, béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé akọ ni mo fẹ́ tàbí abo. Mo ní nọ́ọ̀tì ni mo wí, n kò wí ẹran. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni, Bàbá, akọ ló ń wọ inú abo. Àwọn ọkùnrin méjì wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, mo bojú wolẹ̀. Mo ní kí ó dì wọ́n fún mi ní takọ tabo, kí wọ́n lọ yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn nílé.

Ó fi káàdì kan sí i, ó ní wáráǹtì ni, pé tí ohun tí mo rà bá bàjẹ́ kí ọdún tó yí, kí n kọ ọ́ kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe é. Mo ti kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an kí ó tó bàjẹ́, kí ọ̀rọ̀ má baà pẹ́ nílẹ̀. Ó wà nínú lẹ́tà yìí, bá mi mú un dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n béèrè sáìsì, mo kọ mẹ́tàlélógójì, ìyẹn ni bàtà mi. Wọ́n béèrè pírẹ́ṣọ̀, mo kọ èyí tí nọ́ọ̀sì kọ sí ìwé mi, àádọ́jọ lórí àádọ́rùn-ún, mo sì ṣàlàyé sísàlẹ̀ pé mo ń lo oògùn mi déédéé, kí àyà wọn má baà já. Inú mi dùn pé wọ́n béèrè, kì í ṣe gbogbo oníṣòwò ló ń ro ti ara ènìyàn. Wọ́n wá béèrè orúkọ ẹni tó so páìpù náà. Ibẹ̀ ni bírò mi ti dúró. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ó di àárọ̀ Sátidé. Ìyá Títílọpẹ́ ti wọlé pẹ̀lú ìgò òróró ólíìfù tí wọ́n gbàdúrà sí ní ìjọ rẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Kò kọ́kọ́ fẹ́ fún wa, ó ní ti aláìsàn ni, kì í ṣe ti páìpù. Mo ní páìpù tó ń ṣomi lójoojúmọ́ láìdáwọ́dúró, bí kì í bá ṣe àìsàn, kí la ó pè é? Ó rò ó títí, ó gbà. Mo wá lọ ti géètì gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Mo fi àgádágodo sí i, mo fi kọ́kọ́rọ́ lé etí síǹkì. Ìyá rẹ béèrè pé kí ló pa géètì àti páìpù pọ̀. Mo ní ọmọ tó lọ sí yunifásítì ló sọ bẹ́ẹ̀, bóyá kí olè má baà ká wa mọ́ ẹnu iṣẹ́.

Ìyá Títílọpẹ́ ta òróró sí nọ́ọ̀tì, ó gbàdúrà kí gbogbo ohun tó ń jò nínú ayé wa gbẹ. A ṣe àmín. Kíkẹ́, ó dákẹ́! Ó tó ìgbà tí ènìyàn lè ka Baba Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run dé ìdajì. Ìyá Títílọpẹ́ ti gbé orin sókè kí a tó tún gbọ́ tó.

Ni mo bá gbé sípánà. O mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ni mo fi fún epo ní ẹbu. Kò sí ẹni tó lè kọ́ mi ní bí a ṣe ń yí nǹkan kí ó le. Mo yí i lẹ́ẹ̀kan, kíkán náà dínkù. Ìyá rẹ ní ó ti tó. Mo ní ta ló mọ nǹkan fún nínú àwa méjèèjì? Mo yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Mo yí i lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá ń yára kán. Ìyá rẹ ní kí n wò ó pé ó ń pọ̀ sí i. Inú mi dùn. Ní ẹbu, tí a bá ń fún háhá ẹyìn tí epo sì ń yára kán, iṣẹ́ ló ń dára nìyẹn, ṣe ni wàá máa fún un lọ títí ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò fi tán. Mo ṣírò rẹ̀ pé omi tó kù nínú nọ́ọ̀tì kékeré bẹ́ẹ̀ kò lè ju ìdajì kọ́ọ̀pù lọ. Ìyá rẹ pariwo pé ulé yìí kì í ṣe ẹbu o. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ògiri, mo fa sípánà pẹ̀lú gbogbo ara mi.

Nọ́ọ̀tì náà ní kà! Ó là sí méjì.

Ọmọ mi, n kò mọ̀ pé gbogbo omi inú táńkì ló ń dúró lẹ́yìn nọ́ọ̀tì yẹn. Omi kọlù mí láyà, ó ṣí fìlà kúrò lórí mi, ó gbá kọ́kọ́rọ́ kúrò létí síǹkì, a kò rí ibi tó gbé e gbà. Ìyá Títílọpẹ́ rò pé òróró òun ló ṣiṣẹ́ kọjá àlà, ó kúnlẹ̀, ó ń kígbe pé Olúwa, ó tó, ó tó. Ìyá rẹ nìkan ló ṣe ohun tó nítumọ̀. Ó ká ìró rẹ̀, ó kì í bọ ẹnu páìpù, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó jókòó sínú omi, omi sì ń gba abẹ́ rẹ̀ jáde lọ sí ìdí ògiri. Mo rí i tí sìmẹ́ńtì ara ògiri bọ́ lulẹ̀, ó fẹ̀ tó ẹní kékeré, amọ̀ pupa tí bàbá mi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gún yọjú síta, ó sì ń yọ́. Kíkẹ́, n kò ní í parọ́ fún ọ, ẹ̀rù bà mí. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́ bí ẹni tó gbé ọ̀pá àṣẹ ìlú tó ti tú.

Mo fa fóònù yọ nínú àpò, omi ń kán lára rẹ̀, mo ní kí n pè ọ́. Ìyá rẹ ní Èkó ni Kíkẹ́ wà, kí n pe Bámidélé. Mo ní ojú ń tì mí. Ó ní omi ti dé ìbàdí òun, ìtìjú mi kò tíì ju kókósẹ̀ lọ, kí n pè é. Mo pè é. Ọlọ́run ṣe é, Ìtàjí níbí ló wà lọ́jọ́ náà, ó ń ṣe páìpù ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan lẹ́yìn ọjà. Kò bá mi jà. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé a ti ti géètì fáàfù. Mo ní mo ti tì í láti àárọ̀, mo tilẹ̀ fi àgádágodo sí i. Ó ní òun kò rí géètì fáàfù tó ní àgádágodo rí láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun ń bọ̀. Ibẹ̀ ni fóònù kú sí.

Kò pẹ́ tó fi dé. Ó ti géètì, géètì kò ṣí. Ó ní kí a ṣílẹ̀kùn, mo ní kọ́kọ́rọ́ ti bá omi lọ. Ó gun orí ìjókòó ọ̀kadà rẹ̀, mo rí orí rẹ̀ lókè ọgbà, ó ń pariwo pé kí n wá ohun pupa kan lára páìpù lẹ́sẹ̀ táńkì, pé òun gan-an ni géètì fáàfù. Mo ti mọ ohun pupa náà tipẹ́tipẹ́, ọ̀ṣọ́ ni mo rò pé wọ́n fi ṣe, ìyá rẹ a máa sá aṣọ ìnuwọ́ sórí rẹ̀. Ó ní kí n yí i sọ́tùn-ún. Mo béèrè pé ọ̀tún ta ni, tèmi tàbí tirẹ̀, nítorí ńṣe la dojú kọ ara wa. Ó ní tèmi, Bàbá, tèmi, mo sì tún béèrè pé tèmi wo, tèmi tí òun ń pè ní tèmi ni àbí tèmi tí èmi ń pè ní tèmi. Ìyá rẹ kígbe láti inú kíṣìnì pé kí n yí i síbi tó bá ti yí! Mo yí i. Omi dá.

Bámidélé fo ọgbà, ìgò tí a tò sókè rẹ̀ ya ṣòkòtò rẹ̀ láti orúnkún dé òkè. Ó wọ kíṣìnì. Ó rí wa, àwa mẹ́ta, bí adìẹ tí òjò pa. O ò mọ ohun tí ọkùnrin náà ṣe? Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Nínú omi yẹn. Gbogbo àyà rẹ̀ rẹ. Èmi tí mo ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ láti Ìtàjí títí dé Ọ̀yẹ́, èmi náà ló dọ̀bálẹ̀ fún nínú omi tí mo fọwọ́ ara mi tú.

Ó kó àfọ́kù nọ́ọ̀tì náà, ó yí i wò, ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé eyín ta ló wà lára rẹ̀. Nítorí ojú eyín púláyà ló kún ara rẹ̀, sípánà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ewúrẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Ìyá rẹ ń wò mí. Kíkẹ́, èmi ni. Lọ́jọ́ tó parí iṣẹ́, mo dúró tì í, mo rí i tó fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì, tó wá fi sípánà yí i lẹ́ẹ̀kan, tó dìde. Mo ní ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló mọ? Ó ní Bàbá, ó ti tó, ẹ má fi kún un o. Bí ó ti ń yíjú báyìí ni mo gbé púláyà tí mo fi ń tún ẹ̀rọ ẹbu ṣe, mo fi kún un. Mo fi kún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti sọ pé kò mọ iṣẹ́ ju kí n sọ pé n kò gbọ́ràn lọ. Mo sọ ọ́ níbẹ̀, lójú ìyá rẹ, lójú Ìyá Títílọpẹ́. Bámidélé fún omi kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

Ó wá yọ òrùka bàbà kékeré kan tó wà lára páìpù, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ti wọ́ bí òrùka tí ọkọ̀ gùn. Ó ní òun yìí ni wọ́n ń pè ní ólíìfù, pé nọ́ọ̀tì kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó ti òrùka yìí kí ó gbá páìpù mọ́ra lọ. Tí a bá fún un níwọ̀n, yóò gbá a mọ́ra. Tí a bá fún un jù, yóò fún un lọ́rùn pa. Ìyá Títílọpẹ́ béèrè pé òróró òun ńkọ́? Ó ní òróró náà kò ṣe nǹkan búburú, ó kàn jẹ́ kí ọwọ́ Bàbá rí nọ́ọ̀tì yí dáadáa ni.

Ó gé ibi tó bàjẹ́ lára páìpù kúrò, ó fi òrùka tuntun àti nọ́ọ̀tì tí mo rà sí i. Mo na ọwọ́ sí sípánà. Ó gbé e fún ìyá rẹ. Ó ní kí Màmá fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì náà títí yóò fi kọ̀, ó yí i, ó kọ̀. Ó fi bírò fa ìlà kan sí ara nọ́ọ̀tì, ó ní kí Màmá wá fi sípánà yí i títí ìlà yìí yóò fi padà sí ibi tó wà, kí ó sì gbé ọwọ́ kúrò bí ẹni tí iná jó. Ìyá rẹ yí i. Ìlà lọ, ìlà bọ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ọwọ́ mi ń yún mi, ọmọ mi, mo fi méjèèjì sábẹ́ itan, mo jókòó lé wọn. A ṣí ohun pupa náà, Bámidélé ní kí n wá bébà gbígbẹ kí n wé e mọ́ ibẹ̀, tí ó bá fi bí orí abẹ́rẹ́ jò, bébà yóò sọ. Ìwé ìkéde ìsìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rí. Mo wé e, mo sì jókòó tì í láti ọ̀sán títí oòrùn fi ń wọ̀, mo ń fi ọwọ́ kàn án. Ó gbẹ. Ó ń ké wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀. Mo ti ka ìkéde náà tó ìgbà mẹ́wàá, mo ti há a sórí.

Kí Bámidélé tó lọ, ó fi igi méjì ti ògiri, ó sì fi sípánà mi tú géètì kúrò lára òpó kí Ìyá Títílọpẹ́ lè rí ọ̀nà relé rẹ̀. Géètì náà wà nílẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Inú ẹ̀gẹ́ tí ìyá rẹ rẹ fún fùfú la ti bá kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀ yìí.

Lánàá, Sunday, tí wọ́n parí ìkéde, mo na ọwọ́ sókè. Àlùfáà rò pé ọpẹ́ ìbàdí mi ni mo fẹ́ dá, akọrin ti ń gbé orin ọpẹ́, mo ní kí wọ́n dúró. Mo dúró níwájú ìjọ, mo ní ẹ̀yin ará, gbogbo ohun tí mo sọ nípa Bámidélé ará Ìlúpéjú, irọ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ dára, èmi ni mo fún nọ́ọ̀tì jù, tí mo sì fi ẹnu ba ẹni tó mọ iṣẹ́ jẹ́. Bàbá kan lẹ́yìn wá béèrè pé ṣé sípánà náà ṣì wà, pé ẹ̀rọ omi tòun náà ń kán. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, ó bọ́ sí mi lára bí ìgbà tí a bá gbé ẹrù kúrò lórí ènìyàn. Àlùfáà ní kí a sọ fún Bámidélé kí ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé àlùfáà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn méjì mìíràn sì ti béèrè nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìjọ Àgùdà ni òun ń lọ ní Ìlúpéjú, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti gbọ́, ó sì ránṣẹ́ pé òun kò bínú mọ́, pé ṣòkòtò yẹn nìkan ló ń dun òun, torí ìyẹn ni òun ń wọ̀ lọ sí Máàsì.

Mo fẹ́ sọ ọ̀kan sí i. Láàárọ̀ yìí mo jí ṣáájú ìyá rẹ. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti ń gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀ fún mi, láti odò, láti kànga, nínú oyún rẹ, nínú ẹkún ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ gan-an kú. Mo ṣí ẹ̀rọ, mo gbọn omi, mo gbé e kaná, mo gbé e lọ sí balùwẹ̀, mo fi kàǹkàn àti ọṣẹ tì í. Mo ní Florence, omi rẹ ti wà nílẹ̀. Ó wò mí títí. Ó béèrè pé kí ni mo tún bàjẹ́. Mo ní kò sí. Kò gbà mí gbọ́. Ó wo abẹ́ síǹkì, ó wo ẹsẹ̀ táńkì, ó ka àwọn ewúrẹ́. Nígbà tó rí i pé gbogbo rẹ̀ pé, ó wọ balùwẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Mo gbọ́ tó ń kọrin.

Nítorí náà, ọmọ mi, bá mi wá owó àpò sìmẹ́ńtì méjì kí ògiri bàbá mi lè rí ẹ̀wù wọ̀ kí òjò tó le, àti owó ṣòkòtò Bámidélé, kí ó jẹ́ èyí tó dára, kì í ṣe òkìríkà. Tí ó bá ṣẹ́kù, kí a fi ra ìrẹsì díẹ̀, kì í ṣe fún fóònù, àwa ni a fẹ́ jẹ ẹ́. Tí o bá tún fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́, jọ̀ọ́ máa dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìkíni, kí àgbà lè dá ọ lóhùn.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ ní àlọ ṣọ́ ọ ní àbọ̀. Ọ̀nà rẹ kò ní í dí, ayọ̀ rẹ kò ní í jò. Ibi tó bá yẹ kí o le, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o le. Ibi tó bá sì ti tó, kí Ó fi ọwọ́ kàn ọ́ léjìká, kí Ó sọ fún ọ pé Kíkẹ́, ó ti tó, kí o sì gbọ́ ọ ju bàbá rẹ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Josiah Ayọ̀kúnlé.